Ọjọ́ Kẹta, Ọ̀sẹ̀ Kẹta, Oṣù Kẹta: Ìpè Tí Mo Máa Ń Gbọ́ Lẹ́nu Àwọn Tó Gbin Irun Sórí

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn tó fẹ́ gbin irun, àwọn tó ti gbìn ín, àti àwọn ará ilé wọn. Mo kàn yọ ikọ́ àti òsúkè tèmi kúrò níbẹ̀ ni.)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ sin èèyàn yín wá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ìfarabalẹ̀. Kí n tó bọ́ sórí pèpéle, mo dúró lẹ́yìn, mo ń wo inú gbọ̀ngàn yìí, mo sì rí i pé fìlà tó wà níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju orí lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ẹni tó bá ti gbin irun láàárín oṣù mẹ́fà sẹ́yìn mọ ohun tí fìlà ń bò.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Èmi kọ́ ni mò ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà, dókítà ló ń ṣe é. Ìgbà tí dókítà bá bọ́ ìbọ̀wọ́ ni iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń we bándéèjì. Èmi ni mò ń fọ orí náà nígbà àkọ́kọ́. Èmi náà ni fóònù ń dún sí ní aago méjì òru. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ojú mi ti wú." "Nọ́ọ̀sì, irun yẹn ti ń já o!" "Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé mi ò ti sọ owó mi nù báyìí?"

Nǹkan kan wà tí fóònù yẹn ti kọ́ mi, òun ni mo sì torí ẹ̀ wá. Ohun tó máa ń jí àwọn èèyàn lójú oorun, lọ́pọ̀ ìgbà, ara tó ń san ni. Ohun tó yẹ kó jí wọn, wọ́n á gbé e pamọ́ sábẹ́ fìlà, wọ́n á ní yóò lọ. Ìpè náà sì ní àsìkò. Ọjọ́ kẹta, ọ̀sẹ̀ kẹta, oṣù kẹta. Ó ti wá di pé kí n tó bi èèyàn pé kí ló ṣe é, màá kọ́kọ́ bi í pé: ọjọ́ wo lẹ ṣe iṣẹ́ abẹ? Bó bá ti dáhùn, mo ti mọ ìyókù.

Kí ni wọ́n ṣe sí orí yín gan-an?

N ò ní pẹ́ níbí. Kò sí irun tuntun tí ẹnikẹ́ni dá. Wọ́n hú irun láti ẹ̀yìn orí tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ síbi tó ti pá. Irun orí wa kì í dá hù tán. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, ni wọ́n jọ ń yọ lójú ihò kan náà. Ìdìpọ̀ kéékèèké yẹn, tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, ni wọ́n ń ṣí nípò. Àwọn dókítà kan máa ń gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀yìn orí, wọ́n á rán ojú ibẹ̀ pa dé, wọ́n á wá pín awọ náà sí ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Àwọn mìíràn á fi irinṣẹ́ róbótó kan, tí ẹnu rẹ̀ kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà kan lọ, yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Dókítà ará Jàpáànù kan tó ń jẹ́ Shoji Okuda ti kọ̀wé nípa irinṣẹ́ róbótó bẹ́ẹ̀ ní 1939, àmọ́ ogun àgbáyé bo ìwé náà mọ́lẹ̀. Ní 1952, Norman Orentreich ṣe tirẹ̀ ní New York, nígbà tó sì di 1959, ó tẹ ohun tí ojú rẹ̀ rí jáde: irun tó ti ẹ̀yìn orí wá, bí wọ́n bá gbé e dé iwájú, ìwà ẹ̀yìn orí ni yóò máa hù. Kò sí bí a ṣe ṣe ifá tí kì í hùwà èkùrọ́. Họ́mọ̀nù, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó ń jẹ irun iwájú orí run, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ti ẹ̀yìn gbé ṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ìpè àkọ́kọ́: ọjọ́ kẹta

Ọkùnrin kan pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi fọ́tò ránṣẹ́. Iwájú orí rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ méjèèjì ti pa dé bí ojú ẹni tó jà tó sì fìdí rẹmi. Ó ní àwọn aládùúgbò ti ń wo ìyàwó òun ní ìwòkuwò. Mo bi í pé, ṣé ó ń dùn yín? Ó ní rárá. Ṣé ibà wà lára yín? Rárá. Mo ní ẹ lọ sùn, ẹ gbé orí ga.

Kí ló fà á? Omi ni. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan orí yín, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ rọ omi àti oògùn tó ń pa ìrora sínú awọ orí. Omi yẹn, pẹ̀lú èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń kó jọ síbi tó bá ti fara pa, ní láti wá ọ̀nà jáde. Ìsàlẹ̀ sì ni omi ń ṣàn sí. Yóò kúrò ní orí, yóò dé iwájú orí, yóò dé ìpéǹpéjú. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ló máa ń le jù, nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan bá fi máa pé, ó ti lọ. Ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta lábẹ́ orí, kí ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Yìnyín tí a fi aṣọ wé ṣeé gbé lé iwájú orí. Mo ní iwájú orí o! Ẹnì kan gbé yìnyín lé orí irun tuntun gan-an torí ó fẹ́ kó tètè lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

(Ẹlòmíì á tún máa ṣe òsúkè fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bẹ́ẹ̀ ni, òsúkè! Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ tó bá ṣe yín, kì í ṣe àwọn ọ̀tá yín ló ń pe orúkọ yín. Tó bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ sọ fún dókítà.)

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ irun náà fúnra rẹ̀. Ìdìpọ̀ irun tí wọ́n hú, wọ́n ti já a kúrò lára ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá tì í bọ ihò tuntun, kò tíì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Báwo ló ṣe ń yè é? Omi ara tó ń sun yí i ká ló ń fà mu ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, bí àlejò tó dé tí kò tíì dáná. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín á wá nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Títí ìgbà yẹn, kò sí ohun tó dì í mú ju ẹ̀jẹ̀ dídì àti èépá lọ.

Àwọn oníṣègùn kan ti dìídì fa irun tuntun lórí àwọn tó gbà fún wọn, kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tó dúró. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, bí wọ́n bá ti fa irun náà, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé ọwọ́ wọn. Èépá ni kí ẹ tún bẹ̀rù jù: títí dé ọjọ́ karùn-ún, bí wọ́n bá ti fa èépá tó lẹ̀ mọ́ ọn, ìdìpọ̀ irun á bá a jáde. Láti ọjọ́ kẹfà ni ewu náà ti ń dín kù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n fà á tì.

Ṣé ẹ ti rí ìdí tí a fi ń pariwo ọjọ́ mẹ́wàá sí yín létí? Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ wọ ẹ̀wù oníbọ́tìnnì níwájú, kì í ṣe èyí tí ẹ ó fà gba orí. Ìdí nìyẹn tí a fi fún yín ní omi iyọ̀ tó mọ́ pé kí ẹ máa fín in sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi ní tó bá ń yún yín, ẹ má họ ọ́. Obìnrin kan fẹ́ lọ síbi àṣeyẹ kan ní ọjọ́ karùn-ún, èépá yẹn ń tì í lójú, ló bá jókòó síwájú dígí, ó fi èékánná ṣa á. Ibi tó ṣa, tó bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kò hu irun títí dòní. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Àmọ́ ẹ má gba ẹ̀yìn yọ o. Ọkùnrin kan bẹ̀rù débi pé kò fi omi kan orí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. Èépá ti le bí àkísà tí wọ́n sá sóòrùn, ìdí irun ti ń ṣọyún lábẹ́ rẹ̀. Orí yẹn gbọ́dọ̀ di fífọ̀, láti ọjọ́ tí dókítà yín bá dá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ife rọra da omi sí i, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ lé e láìfọwọ́ra. Bí ọjọ́ mẹ́wàá bá ti ń pé lọ, ẹ jẹ́ kí èépá rin dáadáa, kí ẹ wá fi ọmọ ìka, kì í ṣe èékánná, rọra yí i. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ó yẹ kí èépá ti tán.

Ìrora ńkọ́? Ẹ̀yìn tí wọ́n ti yọ irun ló sábà máa ń dùn ju iwájú lọ, fún òru mélòó kan. Oògùn tí wọ́n kọ fún yín ni kí ẹ lò. Ẹ má dá asipírínì lò, ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tú. Ẹni tó sì ń lo oògùn ọkàn tàbí ti ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni kó bi.

Ìpè kejì: ọ̀sẹ̀ kẹta

Èyí ni ìpè tó ń pọ̀ jù. Èyí sì ni wọ́n máa ń fi ẹkún pè.

Èépá ti tán. Wíwú ti lọ. Irun kéékèèké ti ń hàn, èèyàn ti ń fọwọ́ pa orí lójú dígí. Àfi lójijì, nínú ilé ìwẹ̀, irun wà ní ọwọ́. Ọjọ́ kejì, irun wà lórí ìrọ̀rí. Ọkùnrin kan kó tirẹ̀ sínú àpò ìwé, ó gbé e wá bá mi, ó tú u sórí tábìlì. Ó ti kà á. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, gbogbo ohun tí ẹ gbìn nìyí."

Mo mú ọ̀kan, mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Mo ní, ẹ wo ìdí rẹ̀. Kí lẹ rí? Ó ní nǹkan funfun kékeré kan, bí orí abẹ́rẹ́. Mo ní, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀? Kò sí. Ṣé ẹran ara wà níbẹ̀? Kò sí. Irun ló já. Gbòǹgbò ṣì wà ní orí yín.

Mo tún un sọ: irun ló já, gbòǹgbò ṣì wà. Ìdìpọ̀ tó bá bọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ lé e, ẹ ó sì rí ẹran ara tó yí i ká. Ìyẹn ti lọ. Èyí tó ń já láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì títí dé ìkẹfà yàtọ̀. Irun orí yín, kódà ẹni tí kò gbin nǹkan kan, máa ń hù, á sinmi, á já, òmíràn á yọ nípò rẹ̀. Nígbà tí a hú u jáde, tí a gé oúnjẹ rẹ̀, tí a tún gbé e síbòmíràn, mìmì tó mì ín ló jẹ́ kó ju igi irun rẹ̀ sílẹ̀ kó lọ sùn. Oorun yẹn ń tó bí oṣù mẹ́ta. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, àmọ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n kì í kọ́ ààfin lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ̀ka kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kì í sọ tó, ó sì máa ń bí mi nínú. Irun tí ẹ ti ní lórí tẹ́lẹ̀, tó wà nítòsí ibi tí wọ́n gbìn sí, òun náà lè já. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àmọ́ ìjàǹbá ara aládùúgbò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èèyàn á wá dijú, á ní orí òun burú ju ti àtijọ́ lọ. Ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ lóòótọ́! Púpọ̀ rẹ̀ ń padà wá láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Èyí tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ti ń kú lọ, ìyẹn lè má padà. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ èyí fún yín kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Bí wọn ò bá sọ ọ́, ẹ bi wọ́n.

Ìpè kẹta: oṣù kẹta

Ohùn ẹni tó bá pè ní oṣù kẹta kì í le mọ́. Ó máa ń rẹlẹ̀ ni. Ìbínú ti tán, ìrètí ló ń tán lọ. Orí pọ́n díẹ̀, irun kò tíì hù, àwọn tó mọ̀ ti ń béèrè pé ìgbà wo ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún mi pé òun kì í jáde mọ́ tí ilẹ̀ ò bá ṣú. Ó ń ya fọ́tò orí rẹ̀ ní àràárọ̀, ó ń fi ti òní wé ti àná. Mo ní kó fún mi ní fóònù náà. Mo pa wọ́n rẹ́? Rárá, n kì í ṣe ìkà. Mo ní kó máa yà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù, níbì kan náà, lábẹ́ iná kan náà, kó sì fi fóònù náà síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní tètè tó. Bí ìbànújẹ́ náà bá jìn ju irun lọ, tí oorun àti oúnjẹ bá ti ń kọ èèyàn, ìyẹn náà ní dókítà tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Yóò tín-ín-rín, yóò máa lọ́, kò ní jọ irun tí ẹ ń retí. Gbogbo wọn kì í jí lọ́jọ́ kan. Bí ó bá di oṣù kẹfà, ẹni tó ń wo yín á ti rí ìyàtọ̀. Ọdún kan ni kí ẹ tó dá ẹjọ́. Àárín orí máa ń lọ́ra ju iwájú lọ, ó lè tó oṣù méjìdínlógún.

Rorẹ́ kéékèèké sì lè bá ìyọjú yẹn wá. Irun tó ń wá ọ̀nà jáde lábẹ́ awọ ló sábà ń fà á. Aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó fún ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ má fún un. Tó bá pọ̀, tó ń dùn, tó ń ṣọyún, ẹ wá.

Ẹ̀yìn orí tí a gbàgbé

Iwájú ni gbogbo èèyàn ń wò, ẹ̀yìn ló ń san gbèsè. Bí awọ orí bá ń ṣe yín bí ẹni pé kì í ṣe tiyín, tí ẹ fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn iṣan ìmọ̀lára tín-ín-tín ló já, ó lè gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó padà. Ẹni tí wọ́n rán, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń tú òwú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí àpá rẹ̀ má bàa fẹ̀. Ẹ̀yin tí irun yín ń ká kókó, gbòǹgbò irun yín tẹ̀ lábẹ́ awọ, irinṣẹ́ tètè máa ń gé e. Ẹ wá dókítà tó ti mọwọ́ irú irun yẹn. Bí àpá bá sì máa ń wú sókè lára yín tàbí lára ẹbí yín, èyí tí wọ́n ń pè ní kẹ́lọ́ìdì, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó mú abẹ.

Ohun tó yẹ kó jí yín lóru

Mo fẹ́ kí gbọ̀ngàn yìí dákẹ́ díẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń mu sìgá. A ní kó fi sílẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, torí sìgá ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, irun tó ń wá ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí i mu. Ó ní òun ti fi sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin, ó rí ibì kan láàárín irun tuntun tó ti dúdú, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibi tó kù. Ó ní èépá ni. Ó dé fìlà lé e. Ibẹ̀ ń dùn ún sí i lójoojúmọ́ dípò kó máa rọlẹ̀. Ó fàyà rán an. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó pè mí, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ló sì pè, kì í ṣe òru. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì, mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

Nínú gbogbo àwọn tó ti ń pè mí, òun nìkan ló tọrọ àforíjì. Awọ ibẹ̀ ti kú. Ó san nígbẹ̀yìn, àmọ́ àpá ló kù níbẹ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní awọ orí, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè san. Ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá sí ẹni tó ń mu sìgá tàbí tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò wọlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ da mí láàmú. Ìrora tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ẹ pè mí. Awọ tó ń dúdú tàbí tó ń ṣe bí eérú, ẹ pè mí. Pípọ́n tó gbóná tó ń tàn, ọyún, òórùn, ibà, ẹ pè mí. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìṣí i wò, tó ṣì ń dà, ẹ pè mí. Bí ẹ bá lo oògùn tí ètè wú, tí èémí ń há, ẹ má pè mí rárá: ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù ni kí wọ́n gbé yín lọ kíá.

Mo ní mo ń bọ̀ wá sórí èkùrọ́

Irun tí a gbé wá látẹ̀yìn kò gbàgbé ìwà rẹ̀. Irun tó bá níwájú náà kò gbàgbé tirẹ̀. Orí tó ń pá kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ abẹ kò gbọ́ pé ẹ ti ṣe é. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè bá yín sọ̀rọ̀ minoxidil, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún orí pípá ní 1988, tàbí finasteride, tí wọ́n fọwọ́ sí fún àwọn ọkùnrin ní 1997. Oògùn ni wọ́n, wọ́n ní ìpalára tiwọn, obìnrin tó lóyún kò sì gbọ́dọ̀ lo finasteride. Ẹ jókòó ti dókítà lórí ìyẹn, kì í ṣe ti èmi.

Wọ́n ti ń fọwọ́ aago hàn mí. Mo rí ọwọ́ tó wà lókè. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ dé fìlà dúdú lẹ́yìn yẹn, láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ ti nawọ́, ẹ kú sùúrù. Kí ẹ tó béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo lẹ ṣe iṣẹ́ abẹ?